Irọ́ Tí Mo Pa Nínú Gbọ̀ngán Eré

Gbọ̀ngán eré kan wà ní Zone industrielle, àdúgbò àwọn ilé iṣẹ́, níbí ní Bouaké. Ilé ìkẹ́rùsí ni tẹ́lẹ̀, òwú ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Ẹni tó gbà á kun ògiri rẹ̀ ní ọ̀dà tó ń tàn, ó sì kó eré oríṣiríṣi síbẹ̀, kì í ṣe eré ọmọdé, eré àwọn àgbàlagbà tó bá kóra wọn jọ wá ni. Aṣọ líle kan wà tí wọ́n nà mọ́ irin, bí èèyàn bá fò lé e, á ta á sókè. Ògiri gíga kan wà tí wọ́n kan nǹkan bí òkúta kéékèèké mọ́, tí wọ́n ń gùn pẹ̀lú okùn ní ìbàdí. Lẹ́yìn pátápátá, yàrá kan wà tí wọ́n fi tìmùtìmù bo ilẹ̀ àti ògiri rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń jù níbẹ̀. Inú yàrá yẹn ni mo ti ṣe ohun tí mo fẹ́ kọ yìí.

Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà ní Gánà kí wọ́n tó lé àwọn òbí wa kúrò níbẹ̀. Ìwé Yorùbá tí mo mọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti kọ́ ọ. Nítorí náà, bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an ni màá kọ ọ́, mi ò ní ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

Ìyàwó ọmọkùnrin mi tó jẹ́ àbíkẹ́yìn ló pè wá lọ síbẹ̀. Ọmọ ẹ̀yà Baoulé ni, láti Mamini. Ilé iṣẹ́ kajú ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ti pẹ́ níbẹ̀, ó wà lára àwọn obìnrin tó ń ṣa kajú tí wọ́n ti pa. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n yọ ọ́ láàárín wọn, wọ́n fi í ṣe ṣẹ́fù lórí àwọn obìnrin mẹ́jọ. Wọ́n ní oṣù mẹ́ta làwọn fi máa wò ó, bí ó bá ṣe é dáadáa, ipò náà di tirẹ̀, bí kò bá ṣe é dáadáa, kí ó padà sídìí tábìlì. Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, ilé iṣẹ́ náà máa ń rán àwọn obìnrin yẹn lọ sí gbọ̀ngán eré, torí jíjókòó láti àárọ̀ ń ba ẹ̀yìn wọn jẹ́. Ìgbà tí wọ́n sọ pé ẹni tó bá fẹ́ lè mú ará ilé rẹ̀ dání, àwa ni ó mú.

Mo ní láti sọ nǹkan kan ṣáájú. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí nílé wa. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ. Ọmọ tí wọ́n bí ní àná, bí ó bá ti ṣáájú rẹ̀ dé ilé, ọkọ rẹ̀ ni. Orúkọ míì ni yóò wá fún un. Nígbà tí mo ṣègbéyàwó, ìyá ọkọ mi mú mi jókòó lórí àpótí, ó ń nawọ́ sí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: eléyìí fẹ́ràn ìwé, máa pè é ní Akọ̀wé, eléyìí dúdú, ó sì ń dán, máa pè é ní Adúmáadán. Ọmọ ọdún méjìlá ni Adúmáadán nígbà yẹn, òun ni àbúrò ọkọ mi. Ó ti ní ọmọ-ọmọ báyìí, ọkọ mi ti kú, orúkọ kan náà ni mo ṣì ń pè é. Òun náà kò pè mí ní nǹkan míì rí ju Ìyàwó lọ.

Ẹni tó ń kọ́ ìyàwó tuntun ní orúkọ wọ̀nyí ni ìyá ọkọ. Èmi ni ìyá ọkọ. Ọmọ Mamini yìí sì wá bá mi ní ìgbà mẹ́ta.

Ìgbà kìíní, mò ń to ìkòkò sórí àtẹ mi lọ́jà. Ó tẹ orúnkún bí ọkọ rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, ó fi èdè Júlà tí a jọ ń sọ lọ́jà sọ fún mi pé òun gbọ́ pé orúkọ wà tí ìyàwó ń pe ará ilé, kí n kọ́ òun. Mo ní ó dáa, kí ọjọ́ Ìsinmi dé. Ìgbà kejì, ó mú ìwé àti bíírò dání. Mo ní orí ń fọ́ mi. Ìgbà kẹta, ó wá bá mi nílé ní Ahougnansou, òjò ti pa á. Mo ní, "Ṣáà máa kí wọn. Ṣé ìyẹn kò tó?"

Ó ní, "Màmá, tí mo bá fẹ́ pè wọ́n láti òkèèrè ńkọ́?"

"Tí wọ́n bá jìnnà, rìn lọ bá wọn."

Mo sì rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, torí ó rò pé àwàdà ni.

Kì í ṣe àwàdà. Mi ò fẹ́ ẹ ni. Mo ti fojú sí ọmọ kan lára àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ mi kò sì gbà. A lọ sí Mamini, a gbé ohun tó yẹ ká gbé, mo jẹun, mo jó, ṣùgbọ́n inú mi kò sí níbẹ̀. Mo rò ó pé bí mi ò bá fún un ní orúkọ wa, kò ní mọ́ra láàárín wa, bí ọdún bá sì gorí ọdún, ó lè sú u kó máa lọ. Mi ò sọ ọ́ jáde fún ẹnikẹ́ni. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, torí pé nígbà yẹn, ọgbọ́n ni mo pè é.

A dé gbọ̀ngán eré náà, a jẹ́ mẹ́rin láti ilé wa yàtọ̀ sí ìyàwó: èmi, Adúmáadán, àkọ́bí mi tó jẹ́ díákónì, àti àbíkẹ́yìn mi tó jẹ́ ọkọ rẹ̀. Àwọn obìnrin mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ti ṣáájú wa dé. Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gba bàtà gbogbo wa, wọ́n fún wa ní ìbọ̀sẹ̀ tí rọ́bà kán tótótó sí lábẹ́, kí èèyàn má baà yọ̀.

Adúmáadán wo ẹsẹ̀ mi. "Ìyàwó, o dà bí pẹ́pẹ́yẹ tó fẹ́ lọ ìpàdé."

Mo ní, "Tìẹ náà ńkọ́, Adúmáadán? Pẹ́pẹ́yẹ tó ti ìpàdé bọ̀ ni tìẹ."

Mi ò purọ́, a gbádùn ara wa. Adúmáadán gun orí aṣọ tó ń ta èèyàn sókè yẹn, ó di gèlè rẹ̀ mú, ó ń fò, ó sì ń pariwo pé kí wọ́n wá gbé òun sọ̀ kalẹ̀, bí wọ́n bá sì fẹ́ gbé e, á ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀ ná. Àkọ́bí mi ṣubú ní ẹ̀ẹ̀mejì, ó dìde, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe bí ẹni tó fẹ́ lọ ka Bíbélì. Àbíkẹ́yìn mi lọ sídìí ògiri gíga, wọ́n so okùn mọ́ ọn ní ìbàdí, a sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Àwa tó kù wọ yàrá bọ́ọ̀lù. Orúnkún mi kò gbà mí láyè, mo jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Ọmọbìnrin kan tó fi fèrè kọ́rùn ló ń darí eré. Ó fún oníkálukú ní bébà kan tó ń lẹ̀, ó ní kí wọ́n kọ orúkọ wọn, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà. Àkọ́bí mi ló bá Adúmáadán kọ tirẹ̀. Wọ́n dúró yíká. Ẹni tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ á jù ú sókè, á pe orúkọ ẹnì kan, ẹni yẹn á sáré mú un kí ó tó balẹ̀. Ẹni tí o bá ti pè, o ò gbọdọ̀ pè é mọ́ títí o fi máa pe gbogbo wọn tán. Ọmọbìnrin yẹn sọ ọ́ ní Faransé pé kò sí pé à ń pe obìnrin ní màmá tàbí ọkùnrin ní tọ́ńtọ̀n níbí, orúkọ tó wà láyà nìkan ni ká máa pè. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà gbọ́ ọ, mo sì mọ ohun tó ń bọ̀.

Ìyàwó ọmọ mi dára nínú eré yẹn. Ara rẹ̀ yá, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá dọ́wọ́ rẹ̀, àwọn obìnrin tirẹ̀ ló ń pè. Ó pè wọ́n títí, ó pè wọ́n tán. Ó ku àkọ́bí mi àti Adúmáadán. Bọ́ọ̀lù tún dé ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé e mọ́ àyà, kò jù ú. Àwọn obìnrin rẹ̀ ń ní, "Jù ú, ṣẹ́fù, jù ú."

Ó yíjú sí mi lórí bẹ́ńṣì.

Mo mọ ohun tó ń bi mí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń wá. Bí mo bá sọ pé "Adúmáadán" kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, á gbọ́, á pè é, eré á sì máa lọ. Mo ní àkókò tó láti sọ ọ́. Mo tẹ orí ba, mo ń wo rọ́bà tó wà lábẹ́ ìbọ̀sẹ̀ mi.

Ó ju bọ́ọ̀lù náà sókè, ó sì ka ohun tó wà láyà àbúrò ọkọ mi. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, lásán, kò sí nǹkan kan níwájú rẹ̀, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀.

Adúmáadán kò sáré. Ó dúró, ó káwọ́ sẹ́yìn, bọ́ọ̀lù náà balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń yí lọ. Ó bi í ní Yorùbá pé, "Èmi lò ń pè bẹ́ẹ̀?" Lẹ́yìn náà ó yíjú sí èmi. "Ìyàwó, ṣé o ò kọ́ ọmọ yìí ni?"

Gbogbo wọn ń wò mí. Àkọ́bí mi ń wò mí. Ojú yẹn ló bà mí lẹ́rù, pé wọ́n á mọ̀ pé ìyá ọkọ ni kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹnu mi sì ti là kí n tó rò ó.

Mo ní, "Mo kọ́ ọ. Mo kọ́ ọ títí ẹnu mi fi gbẹ. Kò fẹ́ gbọ́ ni."

Mo wá fi Júlà sọ fún ọmọ náà pé, "Kúnlẹ̀. Bẹ màmá."

Ó kúnlẹ̀ lórí tìmùtìmù yẹn, lójú àwọn obìnrin tí wọ́n fi í ṣe olórí wọn. Ó fi Yorùbá díẹ̀ tó mọ̀ sọ pé, "Ẹ má bínú, mà." Yorùbá rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n "mo kọ́ ọ" kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó le. Ó gbọ́ ọ. Nígbà tó gbójú sókè, kì í ṣe Adúmáadán ló wò, èmi ni. Kò bínú. Ó dà bí ẹni tó ti ń wá nǹkan kiri tó sì wá rí i pé kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin kan fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín. Fèrè dún, wọ́n ní ká lọ mu omi.

Ọkọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ògiri, inú rẹ̀ ń dùn, ó fẹ́ mọ ẹni tó borí. Ìyàwó rẹ̀ ní eré náà dára. Kò sọ ju ìyẹn lọ fún un.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, àbíkẹ́yìn mi wá sí ìsọ̀ mi, ó jókòó lórí ìkòkò tí mo dorí rẹ̀ kodò.

"Màmá, kí ló ṣẹlẹ̀ nínú yàrá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ yẹn?"

"Eré ni."

"Eré wo? Wọ́n ń fi ìyàwó mi ṣe yẹ̀yẹ́ níbi iṣẹ́. Tó bá ní kí wọ́n tún kajú ṣà, ọ̀kan á kúnlẹ̀, á ní, 'Ẹ má bínú, mà.' Ní Yorùbá, Màmá. Níbo ni wọ́n ti gbọ́ ọ? Wọn kì í ṣe ohun tó bá ní kí wọ́n ṣe mọ́. Ọ̀gá wọn sì ti ń rí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù nínú oṣù mẹ́ta yẹn."

"Kí lòun fúnra rẹ̀ sọ?"

"Kò sọ nǹkan kan. Ó ní kí n má da ẹ̀yin láàmú."

Ó lọ. Lọ́jọ́ yẹn mo ta ìkòkò fún oníbàárà kan, mi ò fún un ní ọmọrí rẹ̀. Ó padà wá, ó bi mí bóyá ara mi kò yá. Mo sọ fún un pé ara mi yá. Irọ́ ti ń rọ̀ mí lọ́rùn.

Mo rò ó bí mo ṣe máa ń ro ọ̀rọ̀ ọjà: kí ló bàjẹ́, ta ló bà á jẹ́, níbo ni wọ́n ti lè tún un ṣe. Kí n pe ọmọ náà sí kọ̀rọ̀ kí n bẹ̀ ẹ́, ìyẹn rọ̀ mí lọ́rùn, ṣùgbọ́n kò ní ṣe é láǹfààní kankan, torí kì í ṣe kọ̀rọ̀ ni mo ti ba ọ̀ràn rẹ̀ jẹ́. Àwọn tó rí i ló gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ.

Mo kọ́kọ́ lọ bá Adúmáadán. Ó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ìgbà mẹ́ta tí ọmọ náà wá, òjò, orí tí mo ní ó ń fọ́ mi.

Ó ní, "Ìyẹn ni pé o purọ́ fún mi."

"Mo purọ́."

"Lójú gbogbo ayé. Ìyàwó, pẹ̀lú ewú orí yìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó ń ṣa ìrẹsì rẹ̀ lọ. "Èmi sì ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ náà kò lẹ́kọ̀ọ́. O kò rí iṣẹ́ tí o fún mi ṣe bí?" Nígbà tó yá, ó ní, "Ojú tì ọ́?"

"Ó tì mí."

"Ó tó bẹ́ẹ̀. Fi í sílẹ̀. Àgbàlagbà kì í lọ dúró níwájú àwọn ọmọ kéékèèké kó máa ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á bú ẹ."

"Kí wọ́n bú mi. Òun ni wọ́n ń bú báyìí."

Mo ní kí ó bá mi lọ. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Kò sí nǹkan tó ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè dá a lẹ́bi.

Ní Sátidé, mo gun takisí lọ sí Zone industrielle ní èmi nìkan. Ọkùnrin ẹnu ọ̀nà ní kí n bọ́ bàtà. Mo ní mi ò wá ṣeré, ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ó ní èmi náà á wọ ìbọ̀sẹ̀. Mo wọ̀ ọ́.

Wọ́n wà nínú yàrá bọ́ọ̀lù. Nígbà tí ìyàwó ọmọ mi rí mi, ó tẹ orúnkún láti kí mi, bó ṣe máa ń ṣe, obìnrin kan sì rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní kí ó dìde. Mo bẹ ọmọbìnrin oní-fèrè pé kí ó fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo fẹ́ dúró láàárín wọn, ṣùgbọ́n tìmùtìmù yẹn kò jẹ́ kí n dúró dáadáa, mo di ògiri mú.

Júlà ni mo fi sọ ọ́. Mo ní, "Ọjọ́ tí ẹ rí i tó kúnlẹ̀, mo sọ pé mo ti kọ́ ọ ní orúkọ tí ìyàwó ń pe ará ilé wa. Mi ò kọ́ ọ. Ó wá bá mi ní ẹ̀ẹ̀mẹta pé kí n kọ́ òun, mi ò dáhùn. Ó wo ojú mi lọ́jọ́ yẹn kí ó tó ju bọ́ọ̀lù, mo tẹ orí ba. Èmi ni mo ṣẹ̀, òun ni mo ní kí ó kúnlẹ̀. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà á gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti tán. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn bi mí pé, "Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò kọ́ ọ?"

Mi ò tíì múra fún ìbéèrè yẹn. Mo lè sọ pé ọjà ló gbà mí lọ́wọ́. Mo ní, "Mi ò fẹ́ kó mọ́ra láàárín wa."

Èyí ni ìyàwó ọmọ mi kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo rí i lójú rẹ̀. Mo wá tún nǹkan kan ṣe, mo sì tún ba nǹkan míì jẹ́ níbẹ̀ náà. Ó rọra fà mí lọ́wọ́ lọ sórí bẹ́ńṣì, ó ní, "Ẹ ṣé, Màmá. Ẹ jókòó." Ó padà sáàárín wọn, ó gbé bọ́ọ̀lù, ó ní kí wọ́n dúró yíká. Wọ́n dúró yíká. Obìnrin tó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan ló kẹ́yìn wọn, ó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúró.

Ipò ṣẹ́fù ti di tirẹ̀ báyìí. Mi ò lè sọ pé ọ̀rọ̀ mi ló mú kí wọ́n fún un, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ọkọ rẹ̀ ní obìnrin kan ṣì ń tẹ orúnkún sí i nígbà míì, àwọn tó kù kì í rẹ́rìn-ín mọ́.

Bí a ṣe jáde kúrò ní gbọ̀ngán lọ́jọ́ yẹn, mo ní kí ó wá bá mi lọ́jọ́ Ìsinmi, màá kọ́ ọ ní gbogbo orúkọ náà, láti orí àgbà dé orí ọmọdé.

Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Màá máa pè wọ́n ní tọ́ńtọ̀n àti táńtí. Bí gbogbo èèyàn ṣe ń pe àgbàlagbà ọkùnrin àti obìnrin nìyẹn níbí."

Mo ní orúkọ wọ̀nyí dùn, inú wọn á dùn sí i.

"Mo mọ̀," ni ó wí. "Mo fẹ́ wọn nígbà yẹn."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń pè wọ́n títí di ìsinsìnyí. Bí a bá pé jọ nílé, tó bá pe àkọ́bí mi ní tọ́ńtọ̀n, tàbí tó pe Adúmáadán ní táńtí, àwọn àgbà tí kò mọ̀ máa ń yíjú sí mi, wọ́n á bi mí pé kí ló dé tí ìyàwó yìí ń pe àwọn ọkọ rẹ̀ nínú ilé bí ẹni ń pe ará ìta. Adúmáadán á máa wo àwo oúnjẹ rẹ̀. Ọmọ náà kì í tilẹ̀ wò mí. Èmi ni mo máa ń dáhùn, ní gbogbo ìgbà, pé ó bèèrè, èmi ni mi ò fún un.